Orí Tó Ń Dán Nínú Fọ́tò Físà

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ní Ibafo: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá láti Ifo, àti ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Igò òróró àdúrà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n ṣe dì í mú, èèyàn lè kà á mọ́ wa.

Mo jókòó sórí àpótí kékeré, aṣọ funfun wà lẹ́yìn mi, mo ti ṣí fìlà. Èmi kì í ṣí fìlà lójú èèyàn. Orí mi pá láti iwájú dé ìpàkọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìyàwó mi nìkan ló mọ bó ṣe pá tó, ó sì ti kú láti ọdún mẹ́ta.

Ọmọbìnrin onífọ́tò gbé kámẹ́rà sójú, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Dádì," ó ní, "ẹ má bínú o. Orí yín ń dán."

"Ògo ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ògo ló ń dán yẹn. Ìwọ ṣáà ya fọ́tò ẹ."

Ó yà á.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Obìnrin ni. Ó wà nílùú òyìnbó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì lóyún. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje kó bí. Nílé wa, ìyá ló máa ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ. Ìyá rẹ̀ kò sí mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè gòkè àtẹ̀gùn, ká má tíì sọ bàálù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀."

Mo ní, "Ó dáa."

Máṣíìnì ìránṣọ ni mò ń tún ṣe ní Mowe. Nígbà tí àwọn oníbàárà mi gbọ́ pé mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ jòjòló, wọn kò jẹ́ kí n sinmi. Télọ̀ kan gbé máṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá onímáṣíìnì," ó ní, "tí ọmọ yẹn bá ń sunkún, ẹ má lọ tú u palẹ̀ o, kí ẹ ní ẹ̀ ń wá ibi tó ti ń dún."

Nígbà tí ìyàwó mi bí, ara rẹ̀ kò yá. Èmi ni mo wẹ ọmọ náà fún ọjọ́ mọ́kànlá àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi kò gbàgbé.

Mo ti di báàgì ọmọ sílẹ̀. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, àti kànìnkànìn tuntun, òrí nínú ike kékeré, pọ́ńdà ọmọdé kan, àti ìró ìyá rẹ̀ méjì tí a ó fi máa pọn ọmọ. Gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù físà ń béèrè ti pé, àfi fọ́tò. Ọmọ mi ló ń bá mi kún fọ́ọ̀mù náà láti ọ̀hún. Ó ní fọ́tò gbọ́dọ̀ wọlé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí kò bá wọlé, ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi láti wá sọ tẹnu mi lọ́fíìsì físà á bọ́, èyí tó sì tún ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin sí i. Nígbà yẹn ọmọ á ti máa rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Ta ni yóò ti máa wẹ̀ ẹ́?

Ó fi òfin fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo kà á tán. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó wọ ilé ìwé alẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń kàwé títí dòní. Ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé kì í fo ìlà. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ funfun. Kò gbọ́dọ̀ sí fìlà, kò gbọ́dọ̀ sí jígí ojú. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. A kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò le fún mi. Ìlà tó gbẹ̀yìn sọ pé iwájú orí kò gbọ́dọ̀ máa dán. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ mẹ́ta láti Ifo kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Mowe lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wọn. Wọ́n ní àwọn kò lè jẹ́ kí n gbé orí gbígbẹ lọ síwájú òyìnbó. Wọ́n ní kò sí ẹni tí àwọn ta òróró sí lórí tí wọ́n tíì fi físà dù. Mo rántí èèyàn méjì ní Ifo.

Àwọn mìíràn máa ń fi ìka kan ta òróró síwájú orí ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò gba ìyẹn gbọ́. Wọ́n máa ń dà á ni. Wọ́n dà á sí mi lórí nínú pálọ̀ mi, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká bí ẹni ń dán bàtà ọdún.

"Gbọ́ mi dáadáa," wọ́n ní. "Omi ò gbọ́dọ̀ kan orí yìí títí ìdáhùn á fi dé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Omi ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí."

Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí mo ṣì ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé dípò kí n kọ orúkọ mi, àwọn ni wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sílé ìwé alẹ́. Ojú ń tì mí, torí àwọn tí a jọ jókòó kéré sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí n má baà sá. Tí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn bá ní òun fẹ́ da òróró sí i lórí, á jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù ní Ibafo nìyẹn.

Ọmọbìnrin náà fi fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Ohùn ló gbà sílẹ̀ fún wa, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ ọ.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ fọ́tò físà wò ò gbà á. Ó ní iwájú orí ń dán, ìmọ́lẹ̀ ti bo ojú yín. Ṣé abẹ́ gílóòbù lẹ jókòó sí ni?"

Ọmọbìnrin náà fa tíṣù kan yọ, ó rìn sún mọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Dádì, ẹ jẹ́ n bá yín nù ún díẹ̀."

"Kí lo fẹ́ nù?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Òróró yẹn ni, Màámi. Díẹ̀ péré."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mò ń lọ, mà."

"Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹ pé kí o máa fi tíṣù nu ògo ológo?"

Ọmọbìnrin náà wo tíṣù, ó ká a sí méjì, ó fi í sápò. Mo rí i pé ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rín in.

Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti yé àwọn: òróró yẹn ló kéré. Wọ́n ní tí ọ̀nà bá fẹ́ dí, ńṣe là á fi kún un. Wọ́n ṣí igò, wọ́n sì fi kún un.

Ọmọbìnrin náà pa iná kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé àpótí mi lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yà mí níbẹ̀. Ọmọ mi dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi fi òróró kún un. Onífọ́tò sún mi sí kọ̀rọ̀, ó tún yà mí. Ọmọ mi tún dá a padà, ó ní ó ti wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé ṣé mò ń làágùn ni. Wọ́n tún fi kún un. Òróró ti gba ẹ̀yìn etí dé ọrùn ẹ̀wù mi. Ẹ̀wù náà ni mo fẹ́ wọ lọ.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ní ká bọ́ síta, bóyá ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run á ṣe wá lóore. Ẹ̀gbọ́n mi di etí kan aṣọ funfun mú lẹ́yìn mi, ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù sì di etí kejì mú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wò mí gan-an. Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò lódìkejì fi ọwọ́ bo ojú.

"Bàbá!" ó pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Ó ń ta sí mi lójú!"

Ìyá oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́yìn mi. Fọ́tò yẹn bàjẹ́.

"Ọlọ́run á dárí jì ẹ́," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọlọ́kadà náà.

"Àmín, Màámi. Ẹ wá bá mi ta díẹ̀ sí tèmi náà o. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n kọjá sódìkejì, wọ́n sì ta á sí i lórí. Ìka kan ni wọ́n fi ta tirẹ̀. Mo rí i.

A ya mẹ́fà lápapọ̀. Ẹ̀rọ kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí ọmọbìnrin náà ní ó ku ọ̀nà kan. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìdán náà rẹ́ nínú fọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ fọ́tò àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín, kò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró. Ó pa ìlà iwájú orí mi rẹ́. Ó pa àpò abẹ́ ojú mi rẹ́. Ó fún mi ní irun díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Àánú mi ló ṣe é, mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí nǹkan! Ògo ti sọ ọ́ di ọ̀dọ́."

Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ mi kò gba ohùn sílẹ̀. Ó pè.

"Bàbá mi, ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni. Ẹ̀rọ wọn ti ní wọ́n tún un ṣe. Èmi tí ẹ bí gan-an ò dá yín mọ̀."

Mo gbé fóònù sí etí kejì, òróró ti bo ti àkọ́kọ́.

"Ọ̀la ni o, Bàbá mi. Aago méjìlá."

"Mo mọ̀."

"Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo ti ń wò ó lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Màá mọ̀ ọ́n."

Ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òróró lọ.

A padà sí Mowe. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí Ifo mọ́, wọ́n ní àwọn máa sùn ti iṣẹ́ náà. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí, pálọ̀ yẹn náà lèèyàn sì máa gbà kọjá kó tó dé balùwẹ̀. Mo tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì lé ìrọ̀rí, mo dùbúlẹ̀. Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Bí mo bá fọ orí mi, mo ti da ẹ̀gbọ́n mi. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́, ọmọ mi á máa fi ọwọ́ kan di fóònù mú, á máa fi ọwọ́ kejì di ọmọ ọjọ́ mẹ́ta mú nínú omi.

Iṣẹ́ mi ló kó mi yọ. Ọ́ìlì máṣíìnì máa ń kán sórí léèsì àwọn oníbàárà. Télọ̀ tí kò mọ̀ á sáré bu omi sí i, ọ́ìlì náà á sì tàn dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ̀ á bu pọ́ńdà lé e. Á fi í sílẹ̀ títí pọ́ńdà á fi fa ọ́ìlì náà mu, lẹ́yìn náà á gbọ̀n ọ́n dànù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún àwọn télọ̀ Mowe: ẹ má jẹ́ kí omi kàn án.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo yí ojú sógiri, mo sùn.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n dijú, wọ́n ń bá òyìnbó wí lóhùn òkè. Àdúrà òwúrọ̀ wọn kì í dín ní wákàtí kan. Mo gbé báàgì ọmọ, mo gba ẹ̀yìn wọn kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo jókòó sórí òkúta tí a fi ń fọṣọ. Mo já ìdérí pọ́ńdà náà. Mo kọ́kọ́ bẹ ọmọ tí a kò tíì bí pé kó má bínú, mo wá bù ú sórí. Mo fi pa orí, mo fi pa iwájú, mo fi pa ẹ̀yìn ọrùn. Òórùn ọmọ jòjòló gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ aládùúgbò kan dúró, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fi pọ́ńdà náà sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń fi í sílẹ̀ fún léèsì. Lẹ́yìn náà mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń gbọn inú máṣíìnì, mo gbọ̀n ọ́n kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí mi. Ó gbẹ bí pátákó.

Mo dé fìlà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì dijú. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ibafo.

Ọmọbìnrin onífọ́tò ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbàdúrà."

Ó mí kanlẹ̀. A wọlé. Mo jókòó, mo ṣí fìlà. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ha! Dádì! Ògo ti lọ!"

"Kò lọ," mo ní. "Ó wọlé ni."

Ẹ̀rín tó ti ń dì mú láti àná tú. Ó rín in títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Èmi kò rín. Òfin ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yà á. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí ọmọ mi fi pè, ó ń pariwo: "Ó wọlé! Bàbá mi, ẹ̀rọ ti gbà á! Ó gbà á!" Lẹ́yìn tó pariwo tán, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ ara yín nínú èyí," ó ní.

Nígbà tí mo padà dé Mowe, ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igò lábẹ́ apá. Ojú wọn le.

"Níbo lo gbà lọ?"

"Ibafo, mà. Wọ́n ti gba fọ́tò."

Igbe tí wọ́n ké, àwọn ará ilé kejì yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n jó padà.

"Ṣé mi ò sọ? Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Òróró yẹn ló ṣe é!"

"Òróró ni, mà."

Wọ́n dúró. Wọ́n sún mọ́ mi.

"Omi ò kàn án?"

"Omi ò kàn án."

Wọ́n fi ìka kan fa ẹ̀yìn etí mi. Ìka náà funfun. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n wo báàgì ọmọ tí mo gbàgbé sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wo ìdérí pọ́ńdà tó wà lórí rẹ̀, wọ́n tún wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n fa etí ìró wọn sókè, wọ́n fi nu ẹ̀yìn etí mi méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ṣí fìlà.

"Fọ́tò ti tán, mà," mo ní. "Ẹ wá tún da òróró náà."

Wọ́n da gbogbo èyí tó kù nínú igò.